Òpó Kẹfà

Iṣẹ́ irin ni mò ń ṣe, ṣùgbọ́n irin kò jó mi lọ́wọ́ rí. Orí kọ̀ǹpútà ni tèmi wà, nínú yàrá kan ní Ìlódè, níbi tí mo ti ń to òpó àti bíìmù ilé ìkẹ́rùsí fún àwọn òyìnbó tí mi ò fojú rí rí, ní ìlú tó ṣeé ṣe kí n má dé láéláé. Bí mo bá ṣàlàyé fún àwọn ará àdúgbò, wọ́n á ní, "Ṣé dírọ́ọ̀ǹgì ni?" Èmi á ní bẹ́ẹ̀ ni, kí ọ̀rọ̀ lè tán ńlẹ̀. Kì í ṣe yíyà lásán. Gbogbo irin tí yóò wà nínú ilé ni à ń kó sínú kọ̀ǹpútà lọ́kọ̀ọ̀kan, òun àti gígùn rẹ̀, òun àti ihò bóòtù rẹ̀, títí ilé á fi dúró tán níwájú wa kí ẹnikẹ́ni tó gbé díígà.

Nínú iṣẹ́ náà, àṣẹ kan wà tí a fi ń fa irin gùn. Bí bíìmù kan kò bá dé ara òpó tó yẹ kó gbé e, wàá kọ́kọ́ tẹ òpó náà, kí kọ̀ǹpútà lè mọ ibi tí ìrìn yóò parí sí, kí o tó wá tẹ bíìmù. Kíá, á na ara rẹ̀ dé ibẹ̀, á sì dúró. Bẹ́ẹ̀ náà ni fún òpó: o tẹ irin òrùlé, o tẹ òpó, òpó á dìde lọ bá a lókè. Ṣùgbọ́n bí o kò bá kọ́kọ́ fi ibi tí yóò dúró hàn án, kò ní í mira. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ iṣẹ́ yìí, kò sí ohun tó dùn mọ́ mi tó o. Ọmọ jórinjórin ni mí. Mo mọ ohun tí irin kúkúrú máa ń fi ojú èèyàn rí.

Iláre ni ìsọ̀ bàbá mi wà. Géètì, irin ojú fèrèsé, irin òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì, kò sí èyí tí kò jó rí. Nígbà tí omi bẹ̀rẹ̀ sí í dà lójú rẹ̀ láìdá, ó fa ìsọ̀ lé ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin lọ́wọ́. Àwa méjì péré ni ìyá wa bí kó tó kú. Ẹ̀gbọ́n mi kò ka iṣẹ́ mi kún iṣẹ́. "Irin orí tẹlifíṣọ̀n" ló ń pè é. Bí ó bá ṣèèṣì gé irin kúrú, á pè mí lórí fóònù láàárín iṣẹ́: "Ẹ̀ńjíníà, jọ̀ọ́, wá bá mi fa irin yìí gùn." Á wá máa rẹ́rìn-ín bí ẹni tí kò ní gbèsè irin lọ́rùn. Òun ló tún máa ń sọ pé irin tó gùn ní oògùn, a ó gé e, ṣùgbọ́n èyí tó kúrú, kí la fẹ́ ṣe sí i? Nítorí náà, gbogbo irin tó bá ń wọ̀n, ó máa ń fi ìbú ọwọ́ kan lé e.

Ibà la pe àìsàn tó pa á. Ojú rẹ̀ pọ́n, ó di àwọ̀ iyeyè, a gbé e dé ọsibítù, kò sì lo ọ̀sẹ̀ méjì. Kò tíì gbéyàwó, kò bímọ. Èmi ni mo wà lẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì. Títí di òní, bí ẹnìkan bá sọ níwájú mi pé Ọlọ́run ló fẹ́ràn rẹ̀ jù wá lọ, mo máa ń dìde kúrò níbẹ̀.

Nílẹ̀ wa, bàbá kì í sin ọmọ rẹ̀. Kì í tẹ̀lé òkú, kì í bèèrè ibi tí wọ́n tẹ́ ẹ sí, kò sì gbọdọ̀ fi ojú kan sàréè rẹ̀. Àbúrò òkú àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ló ń ṣe é. Nítorí náà bàbá mi jókòó nílé ní Iláre, àwọn àgbà méjì jókòó tì í kó má baà jáde, àwa sì gbé ẹ̀gbọ́n mi lọ sí ẹ̀yìnkùlé agbo ilé wa ní Ìrẹ̀mọ. Àbúrò bàbá mi tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Kékeré ló ṣaájú. Yangí ló kún ilẹ̀ ibẹ̀, líle rẹ̀ kò ṣeé fẹnu sọ. Àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀gbọ́n mi, tí wọ́n jẹ́ jórinjórin bíi tirẹ̀, ti ń gbẹ́ ẹ láti ìdájí, díígà ń ta iná lára òkúta, wọ́n ń bú ilẹ̀, wọ́n ń sunkún. Ọ̀sán ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pọ́n kó tó jìn tó.

Bàbá Kékeré kò jẹ́ kí wọ́n rẹ́ ẹ ní sìmẹ́ǹtì. Ó ní kí wọ́n tẹ́ ilẹ̀ náà pẹrẹsẹ, kí wọ́n fọ́n ewé gbígbẹ lé e. Ó kó wa jọ sí ìdí kànga, ó ní, "Ẹ ti gbàgbé ibí." Lẹ́yìn náà ó fa èmi sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Ìwọ lo sún mọ́ bàbá rẹ jù. Bí ó bá bi ọ́, o ò mọ̀. Bó bá fi mọ ibẹ̀, ibẹ̀ ni yóò máa jókòó sí títí òun náà á fi lọ. Ṣé o gbọ́?" Mo ní mo gbọ́ sà. Ṣùgbọ́n wíwọn ni iṣẹ́ mi, ẹsẹ̀ mi ti wọn ibẹ̀ kí n tó mọ̀. Ìṣísẹ̀ mọ́kànlá ni láti ẹnu kànga sí ìhà igi ọsàn, orí ẹ̀gbọ́n mi sì kọjú sí ọ̀dọ̀ kànga.

Bàbá mi kò bèèrè. Ohun tó bà mí lẹ́rù jù nìyẹn. Ó ti ìsọ̀ pa. Ó ń jókòó sórí àga kan náà láti òwúrọ̀, bí mo bá gbé oúnjẹ wá, á ní kí n gbé e sílẹ̀, èmi náà ni n ó sì wá gbé e kúrò bí mo ṣe gbé e wá. Ó rù débi pé aago ọwọ́ rẹ̀ ń yí kiri ọrùn ọwọ́. Ní ọdún méjì gbáko, bí ó bá dé agbo ilé wa ní Ìrẹ̀mọ, kì í kọjá pálọ̀ iwájú. Lójoojúmọ́ tí mo bá ń lọ sí Iláre, mo máa ń dúró díẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà kí n tó kan ilẹ̀kùn, nítorí mo ń bẹ̀rù ohun tí mo lè bá níbẹ̀.

Ìpàdé ẹbí ló yí nǹkan padà. Iwájú ilé ti há jù fún wa, òjò sì ti lé wa wọlé lẹ́ẹ̀mejì láàárín ìpàdé, ni wọ́n bá fẹnu kò pé kí a kọ́ àtíbàbà onírin sí ẹ̀yìnkùlé, èyí tí yóò gba gbogbo ẹbí. Mo wo Bàbá Kékeré, ó wò mí. Ta ló fẹ́ dìde láàárín agbo kó sọ ìdí tí kò fi yẹ kí a kọ́ ọ síbẹ̀, nígbà tí bàbá òkú jókòó síbẹ̀ gedegbe? Kí a tó mọ ohun tí a ó ṣe, bàbá mi ti gbé ọwọ́ sókè. Ó ní kò sí jórinjórin kankan tí yóò fi ọwọ́ kan irin agbo ilé bàbá òun nígbà tí òun ṣì wà láyé. Òun ni yóò ṣe é, ọmọ òun obìnrin ni yóò ya á.

Nígbà tí a délé lọ́jọ́ náà, ó béèrè oúnjẹ fúnra rẹ̀. Ó ní kí n bu ẹran kún un. Mo lọ sí kíṣìnnì, mo dúró níwájú ìkòkò, ẹkún gbọ̀n mí. Mo fẹ́ kí àtíbàbà yẹn dúró ju ohunkóhun lọ láyé mi, nítorí òun ló ń dá bàbá mi padà fún mi. Mo sì mọ̀ pé ibi tí wọ́n fẹ́ gbẹ́ ilẹ̀ rẹ̀ sí ni ẹ̀gbọ́n mi wà.

A lọ wọn ilẹ̀. Mo mú téèpù dání, àmọ́ ẹsẹ̀ ni bàbá mi fi wọn tirẹ̀, gìgísẹ̀ sí ọmọ ìka, gìgísẹ̀ sí ọmọ ìka, bí ó ṣe ń ṣe é láti ìgbà ọmọdé mi. Òpó mẹ́fà ló fẹ́, mẹ́ta lọ́tùn-ún, mẹ́ta lósì. Ó kan èèkàn irin mẹ́ta sí apá ọ̀tún, òógùn bò ó, ó ń fi òòlù lù ú, ó ń sọ fún mi bí òun àti bàbá rẹ̀ ṣe gbẹ́ kànga náà fún oṣù mẹ́ta nítorí yangí yìí kan náà. Ó kan méjì sí igun méjèèjì apá òsì. Lẹ́yìn náà ó na okùn láàárín wọn, ó wá agbedeméjì, ó dúró síbẹ̀.

Mo mọ ibi tó dúró sí. Ìṣísẹ̀ mọ́kànlá. Mo fẹ́ kígbe, mo fẹ́ fà á lápá. Ó ki èèkàn kẹfà bọlẹ̀, ó fi òòlù lù ú lẹ́ẹ̀mejì péré, ó ti wọlé. Ó ní, "O ò rí i bí eléyìí ṣe gbọ́ràn!" Ó nu ojú, ó ní ká máa lọ.

Ní Ìlódè, mo to àtíbàbà náà sínú kọ̀ǹpútà. Mo ti to ilé tó tóbi jù ú lọ ní ìlọ́po ogún láàárín ọjọ́ méjì, àmọ́ ìbòòrùn òpó mẹ́fà yìí gbà mí lọ́sẹ̀ kan. Mo gbé òpó kẹfà síbẹ̀, mo wò ó bó ṣe dúró, ìpìlẹ̀ rẹ̀ sì wọlẹ̀ jìn, nítorí kọ̀ǹpútà máa ń fi ìpìlẹ̀ han èèyàn. Mo pa á rẹ́. Bíìmù méjì tó ń bá a pàdé wá kù síta, orí wọn kò kan nǹkan kan. Mo pa ọ̀kan rẹ́ nínú wọn. Mo tẹ òpó igun, mo tẹ bíìmù tó kù. Ó na ara rẹ̀ kọjá lókè ibẹ̀, ó lọ kan òpó igun, ó dúró. Mo ń gbọ́ ohùn ẹ̀gbọ́n mi: Ẹ̀ńjíníà, wá bá mi fa irin yìí gùn. Mo ti fà á fún un. Irin náà ti gùn jù fún agbára rẹ̀, ni mo bá pààrọ̀ rẹ̀ sí èyí tó nípọn jù ú lọ dáadáa.

Mo gbé kọ̀ǹpútà lọ sí Iláre ní ọ̀sán Sátidé. Mo ti kó irọ́ mi jọ lójú ọ̀nà. Bàbá mi gbé gíláàsì wọ̀, ó fà mọ́ tábìlì. Kò ka ìwé púpọ̀, ṣùgbọ́n kò sí dírọ́ọ̀ǹgì tó lè pa irọ́ fún un.

"Yí i kí n rí apá ẹ̀yìn."

Mo yí i.

"Òpó márùn-ún ni mo rí. Mẹ́fà ni èèkàn tí mo kàn."

"Mo yọ ọ̀kan, Bàámi. Mo fa bíìmù yìí gùn kó lè bọ́ sórí òpó igun."

"Kí ló dé? Irin tó gùn báyìí tí kò ní òpó láàárín, ṣebí ikùn rẹ̀ á wọlẹ̀ ni?"

"Mo ti fi èyí tó nípọn sí i, sà."

"Èyí tó nípọn! Ta ló ń fi irin afárá ṣe àtíbàbà? Fi òpó síbẹ̀, ọmọ yìí."

"Mo fẹ́ kí àyè wà fún mọ́tò láti gba ibẹ̀ wọlé ni."

"Mọ́tò wo? Ẹ̀yìnkùlé Ìrẹ̀mọ? Ṣé orí ògiri ni mọ́tò yẹn máa gbà?" Ó bú sẹ́rìn-ín. Ọdún méjì ni mo ti ń retí ẹ̀rín yẹn, n kò sì lè bá a rín in. "Fi òpó mi síbẹ̀ jàre. Kò sí ohun tí òpó ṣe ọ́."

Irọ́ mi ti tán. Gbogbo ohun tó kù lẹ́nu mi kò ju òótọ́ kékeré kan lọ, mo sì rò pé kò ní í pa ẹnikẹ́ni lára. Mo ní, "Ilẹ̀ ibẹ̀ rọ̀, Bàámi. Òpó ò ní dúró dáadáa níbẹ̀."

Ọ̀rọ̀ náà kò tíì tán lẹ́nu mi tí mo fi mọ ohun tí mo ṣe. Ọkùnrin tó fi oṣù mẹ́ta gbẹ́ kànga nínú yangí ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Kò sí ibi tó rọ̀ ní ẹ̀yìnkùlé wa, àfi ibi tí èèyàn bá ti gbẹ́ rí. Òun fúnra rẹ̀ ló kan èèkàn márùn-ún tó fi òógùn wẹ̀, òun náà ló kan ìkẹfà tó wọlé lójú ẹsẹ̀.

Ẹ̀rín kú lójú rẹ̀. Ó bọ́ gíláàsì, ó fi etí ṣẹ́ẹ̀tì nù ún, ó tún un nù. Fáànù ń yí lókè wa. Mo ń wo ọrùn rẹ̀, níbi tí iṣan kan ti ń lù, mo ń bẹ Ọlọ́run nínú mi pé kó má gbà á lọ́wọ́ mi lórí ọ̀rọ̀ tí mo fi ẹnu ara mi sọ. Lẹ́yìn náà ó na ìka ìfábẹ̀lá rẹ̀ sí ojú kọ̀ǹpútà, ó gbé e sí àlàfo tó wà lábẹ́ bíìmù gígùn náà.

"Ibí yìí ló rọ̀?"

"Ibẹ̀ ni, Bàámi."

Kò gbé ìka náà kúrò. Nígbà tó yá, ó ní, "Ó dáa. Jẹ́ kí irin náà gùn." Mo ti ń ká kọ̀ǹpútà nílẹ̀ nígbà tó tún sọ̀rọ̀, kò wo ojú mi. "Lọ bá mi yọ èèkàn yẹn lọ́la. Rọra yọ ọ́."

Mo lọ. Ìka méjì ni mo fi fà á jáde. Mo fi ọwọ́ kó ilẹ̀ dí ojú ihò náà, mo tẹ̀ ẹ́ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, mo kúnlẹ̀ síbẹ̀, mo bẹ ẹ̀gbọ́n mi. Ó dùn mí pé mo jẹ́ kí èèkàn wọ ibẹ̀. Ó dùn mí ju bí mo ṣe lè kọ ọ́ lọ.

Ọjọ́ tí wọ́n gbé irin dúró, àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀gbọ́n mi kan náà ló wá ṣe é. Bàbá mi jókòó sórí àga pẹ̀lú òòlù lórí itan, ó ń pàṣẹ. Ó kọ ẹ̀yìn sí apá òsì, kò bojú wẹ̀yìn wò ó rárá. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n fẹ́ gbé àkàbà síbẹ̀ láti de bíìmù gígùn náà, ó kígbe láìyíjú padà pé kí wọ́n ti igun méjèèjì gùn ún. Wọ́n dúró, wọ́n wo ara wọn. Kò sí ẹni tó bèèrè ìdí rẹ̀, nítorí gbogbo wọn mọ̀ ọ́n. Bàbá Kékeré fà mí wọ inú ilé. "Ṣé o sọ fún un ni?" Mo ní n kò sọ fún un. Ó wò mí títí, ó mi orí, ó padà síta.

Àtíbàbà náà dúró dáadáa. A ń ṣe ìpàdé lábẹ́ rẹ̀. Bí àlejò bá bi wá pé kí ló dé tí apá kan ní òpó mẹ́ta tí èkejì ní méjì, àwọn ará ilé á ní ọmọ ẹ̀ńjíníà wa ló ya á bẹ́ẹ̀, ìmọ̀ òyìnbó ni. Bàbá mi kì í wá sí ìpàdé mọ́. Ó ní etí òun kò gba ariwo mọ́. N kò tíì rí i kó wọ ẹ̀yìnkùlé yẹn láti ọjọ́ tí iṣẹ́ ti parí.

Ìlódè ló ń wá. Bí ṣọ́ọ̀ṣì bá ti tú lọ́jọ́ Ìsinmi, á gun ọ̀kadà wá sọ́dọ̀ mi, á jẹun, á mu omi, á ní, "Ṣí ilé yẹn fún mi." Mo ṣí i. Á gbé gíláàsì wọ̀, á sì fi ìka rẹ̀ sí àlàfo náà. Bó bá ti tó o, á ní, "Ó tó," màá sì pa á dé. Àwọn àgbà sọ pé bàbá kò gbọdọ̀ rí sàréè ọmọ rẹ̀. Kò sí èyí tó sọ ohunkóhun nípa kọ̀ǹpútà nínú wọn, n kò sì jẹ́ lọ bi wọ́n.

Lọ́jọ́ Ìsinmi tó kọjá, ó fi ìka síbẹ̀, kò sọ pé ó tó. Mo dúró tì í. Iná lọ, kọ̀ǹpútà ń fi bátìrì ṣiṣẹ́, ìka kò kúrò. Ó wá sọ ọ́ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, bí ẹni tó ń bèèrè ohun tí kò tọ́ sí i.

"Orí rẹ̀ ńkọ́? Apá ibo ló wà?"

Mo rántí ìdí kànga, mo rántí Bàbá Kékeré. Bí ó bá bi ọ́, o ò mọ̀. Gbólóhùn náà ti dé ẹnu mi. Mo wo bàbá mi, omi ń dà lójú rẹ̀, n kò sì lè sọ bóyá iná jórinjórin ló fà á tàbí èyí tó ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo di ìka rẹ̀ mú, ìka tí iná ti jó títí tí awọ rẹ̀ fi yi, mo sún un díẹ̀ sí ọ̀dọ̀ kànga.

"Ibí ni, Bàámi."

Ó ṣí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ó gbé e lé ibẹ̀.